Ẹ fi ènìyàn kan sínú ìkéde yín

Sí Olóòtú,

Òkun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn èdè wa.

Ọ̀rọ̀ ìkéde ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ yín. Kì í ṣe ìkéde òkú tàbí ti ìgbéyàwó. Àwọn yẹn mọ ọ̀nà ilé wọn. Èyí tí à ń wí ni ìkéde tí ilé ìlera, ìjọba ìbílẹ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ilé ìjọsìn àti iléèwé ń fi ránṣẹ́ sí yín, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tí wọ́n ń kà lórí rédíò, tí wọ́n sì ń jù sínú WhatsApp: ẹ fọwọ́, ẹ gba àjẹsára, ẹ má dáná sun igbó, ẹ kúrò létí odò. Iṣẹ́ àwa tí a kọ lẹ́tà yìí ni kí a máa kọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀, kí a sì máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ ìlú bí wọ́n ṣe lè kọ ọ́, ní Kábbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìkéde tí kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ kì í gbé ẹnikẹ́ni dìde lórí àga.

Ẹ wo irú èyí tó wà lára ògiri ilé ìlera káàkiri:

“Ìkìlọ̀ pàtàkì! A fẹ́ fi tó gbogbo ará ìlú létí pé ìgbẹ́ gbuuru wà lára àwọn àìsàn tó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. A rọ ẹ̀yin òbí láti máa ṣe ìmọ́tótó, kí ẹ máa lo ORS àti zinc, kí ẹ sì tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín.”

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bá wí? Kò sí ẹni tó ń jẹ́ “gbogbo ará ìlú”. Kí ni “tètè”? Ṣé lálẹ́ yìí ni, àbí tí ilẹ̀ bá mọ́? ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń yàgbẹ́) mélòó nínú omi tó pọ̀ tó báwo? Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìrọ̀lẹ́ yóò ka ìwé yìí tán, kò sì ní rí ibi kan tí wọ́n ti dárúkọ wàhálà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní wákàtí yẹn. Ó máa kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára igi.

Ẹ wá gbọ́ bí a ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan náà fún rédíò:

“Aago mẹ́jọ alẹ́. Ọmọ Ìyá Ìkókó ti yàgbẹ́ olómi lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìgbà tí wọ́n ti oko dé. Ó ti ra ORS ní kẹ́mísí, ó ti já ẹnu rẹ̀, ó fẹ́ dà á sínú ife omi kan. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè. Ó rántí ohùn nọ́ọ̀sì: ‘Ìyá Ìkókó, píọ̀wọ́tà méjì o. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, iyọ̀ rẹ̀ á pọ̀ jù fún ọmọ.’ Ó gbé ife kalẹ̀. Ó wá jọ́ọ̀gì tó mọ́, ó da píọ̀wọ́tà méjì sí i, ó da ORS lé e, ó rò ó títí kò fi sí ìyẹ̀fun nísàlẹ̀. Ṣíbí kan. Ó dúró díẹ̀. Ṣíbí kan. Ọmọ bì í. Ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún bẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí àkùkọ tó kọ, ọmọ tọ̀. Ìyá Ìkókó fọwọ́ kan ibi tí ìtọ̀ ti rin ẹní, ó ń rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn. Ìyá tó ń gbọ́ wa, ORS ẹyọ kan, píọ̀wọ́tà onídajì lítà méjì. Bí ọmọ kò bá lè mu, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, gbé e wá lóru náà. Má dúró de àárọ̀.”

Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀, nítorí gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ní ìdí.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó dúró lókè. Ibẹ̀ ni ọkàn ìtàn náà wà, a kò sì fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ pẹ̀lú ORS ni pé wọ́n á da odindi ìdì kan sínú ife kan tàbí sínú píọ̀wọ́tà ẹyọ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà gba lítà omi kan, píọ̀wọ́tà onísẹ̀ǹtílítà 50 méjì sì ni lítà kan (ẹ ka ara ìdì náà kí ẹ tó kọ ìtàn, kí ẹ sì wo ara ọ̀rá omi pẹ̀lú). Bí omi bá kéré, iyọ̀ rẹ̀ á ki, ó sì lè dá kún àìsàn ọmọ náà. Bí omi bá pọ̀ jù, kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà gan-an ni kí ìtàn yín ti dúró, kí olùgbọ́ mú èémí dání níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí àṣìṣe wà kò lè kọ ìtàn tó wúlò, bó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe kíkọ. Ẹ lọ jókòó ti nọ́ọ̀sì, kí ẹ bi í pé: “Kí ni àwọn ìyá máa ń ṣe tó ń bà yín lọ́kàn jẹ́?” Ìdáhùn rẹ̀ ni ìtàn yín.

Ẹ tún wo ìtọ̀ tó rin ẹní. A lè sọ pé “ara ọmọ yá”, ṣùgbọ́n “ara yá” kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìtọ̀ ni àmì tí nọ́ọ̀sì fi ń mọ̀ pé omi ti ń padà sára ọmọ, ohun tí gbogbo abiyamọ sì ti fọwọ́ kàn lóru rí ni. Ìmọ̀ ìṣègùn àti ayọ̀ ìyá pàdé lójú kan náà. Bí ẹ bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má tún fi ọ̀rọ̀ ayọ̀ kankan kún un. Ẹ má kọ “inú rẹ̀ dùn dé ibi gíga”. Ẹ jẹ́ kí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Àwọn tó ń kọ ìkéde fún wa fẹ́ràn láti máa dárúkọ ìmọ̀lára: “ó báni nínú jẹ́ gidigidi”, “ìbànújẹ́ ńlá gbáà”. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùgbọ́.

A pè é ní Ìyá Ìkókó nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo abiyamọ tuntun. Ẹni kan ṣoṣo ni nínú ìtàn, ṣùgbọ́n obìnrin mẹ́wàá tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé ìlera ló máa yíjú tí wọ́n bá pe orúkọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ORS á ti bèèrè pé zinc dà? A fi í sílẹ̀ ni. Zinc, oògùn tí ọmọ ń lò pẹ̀lú ORS, ní ìtàn tirẹ̀. Ọjọ́ 10 sí 14 ni ọmọ fi ń lò ó, ní ìwọ̀n tí nọ́ọ̀sì bá sọ. Ibi tí àṣìṣe rẹ̀ wà ni ọjọ́ kẹta: ìgbẹ́ ti dá, ọmọ ti ń ṣeré, ìyá sì gbé oògùn tó kù sórí àjà. Ìtàn zinc gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta yẹn, lórí àjà yẹn, pẹ̀lú ìyá tó rò pé ìjà ti parí. Bí a bá ti òun àti ORS bọ inú ìṣẹ́jú kan, àwọn méjèèjì á bọ́ nù. Bákan náà ni pé ORS tí a ti pò kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 24: ìtàn kẹta nìyẹn. Ìtàn kan, iṣẹ́ kan. Ibi tí àwọn tí à ń kọ́ ti máa ń bá wa jiyàn jù nìyí, torí pé ẹni tó ń san owó rédíò fẹ́ kí gbogbo ohun tó mọ̀ wọ inú ìṣẹ́jú kan tó rà.

Kí ló dé tí ẹnì kan fi ń ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè ṣe? Wọ́n ti wọ̀n ọ́n wò. Lọ́dún 2007, Deborah Small, George Loewenstein àti Paul Slovic ní Amẹ́ríkà tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní dọ́là márùn-ún, wọ́n sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ fi lára rẹ̀ ṣàánú. Àwọn kan ka ọ̀rọ̀ nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méje kan tó ń jẹ́ Rokia, ní orílẹ̀-èdè Mali. Àwọn mìíràn ka iye mílíọ̀nù ènìyàn tí ebi ń pa káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn tó ka ti Rokia fi bíi dọ́là 2.38 sílẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ka ìṣirò fi 1.14 sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin olóòtú lẹ̀ mọ́ ògiri ni ti ẹgbẹ́ kẹta, tí wọ́n fún ní Rokia àti ìṣirò pọ̀: 1.43 péré. Ìṣirò tí wọ́n fi ti Rokia lẹ́yìn kò ràn án lọ́wọ́, ńṣe ló fà á sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé owó àánú ni wọ́n fi dán an wò, kì í ṣe oògùn ọmọ, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di òfin fún ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń rí níbi iṣẹ́ bá a mu: ẹni tí a bá kọ́kọ́ ka iye òkú fún máa ń mi orí, á ní “Ọlọ́run ṣàánú o”, á sì tún padà sídìí ohun tó ń ṣe.

A kò ní kí ẹ má lo ìṣirò. Ẹyọ kan ni kí ẹ lò, kí ó jẹ́ èyí tí ọwọ́ ń lò, kí ẹ sì tún un sọ ní ìparí. Píọ̀wọ́tà méjì jẹ́ ìṣirò. Ọjọ́ mẹ́wàá jẹ́ ìṣirò. Iye mílíọ̀nù ọmọ tó ń kú láyé kò sí lára iṣẹ́ tí ìyá kan lè ṣe lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa irú ẹni tí ẹ máa fi sínú ìtàn. Nínú ìkéde wa, ènìyàn méjì ló máa ń wà: ọlọ́gbọ́n tó ṣe gbogbo nǹkan bó ṣe yẹ, àti aláìgbọràn tó kọ̀ láti ṣe é, tó jìyà. Olùgbọ́ kì í ṣe èkíní, kò sì ní gbà pé òun ni èkejì. Miguel Sabido, ọmọ Mexico, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọdún 1970, fi ẹnì kẹta kún un: ẹni tó ń ṣiyèméjì, tó ń fẹ́ ṣe é, tó ń bẹ̀rù, tó ń ṣubú, tó ń dìde. Ẹni yẹn ni olùgbọ́ máa ń tẹ̀ lé. Ní oṣù keje ọdún 1993, rédíò ìjọba Tanzania fi ọ̀nà yìí bẹ̀rẹ̀ eré ẹlẹ́sẹẹsẹ kan lórí ìfètòsọ́mọbíbí àti àrùn HIV, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ má gbé e sáfẹ́fẹ́ lágbègbè Dodoma títí di 1995, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi í wé. Ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ eré náà ni ìfètòsọ́mọbíbí ti gbilẹ̀ ju Dodoma lọ. Ìyá Ìkókó tó já ORS, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà á sínú ife, irú ẹnì kẹta yìí ni.

Kò yẹ kí eléyìí ṣàjèjì sí wa. Ìjàpá inú àlọ́ kì í ṣe ẹni rere, síbẹ̀ òun ni à ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé a mọ ojúkòkòrò rẹ̀ nínú ara wa. Ẹ tún wo bí àlọ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Apàlọ́ ní “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ ní “Ààlọ̀!” Kí ìtàn tó dé, ohùn wọn ti wọ inú rẹ̀, ẹni tó ti fi ohùn sí nǹkan kì í tètè sùn lé e lórí. Láàárín ìtàn, orin á dé, ègbè á wà lẹ́nu àwọn tó ń gbọ́, ègbè ọ̀hún kan náà á tún padà lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú ègbè yẹn ni kí ẹ fi ìṣirò yín sí! Níbi tí àwọn aboyún àti abiyamọ bá ti péjọ lọ́jọ́ àjẹsára, kí nọ́ọ̀sì pa ìtàn Ìyá Ìkókó, kó dúró níbi tí ọwọ́ ti wà lókè, kó bèèrè pé “Ẹyọ mélòó?”, kí gbogbo ilé dáhùn pé “Méjì!” Kó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kó tún bèèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti tó. Bó bá di ìgbà karùn-ún, á di ariwo lásán. Akéde tó ń lu agogo náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní oríta.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka èdè ńkọ́? Owé, Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, Ọ̀wọ́rọ̀, ẹnu wa kò dọ́gba. Fún rédíò àti ìwé ìròyìn, Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ló dára fún àlàyé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ènìyàn inú ìtàn jáde, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ti ilé rẹ̀. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún Ìyá Ìkókó ní Ìsánlú, ará Yàgbà ni kó kọ ọ́, kó sì kà á. Ẹ má méfò. Ẹyọ ọ̀rọ̀ Owé kan tó bá ṣèèṣì bọ́ sẹ́nu ìyá Yàgbà, ẹ̀rín ni yóò gba àwọn tó ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n bá fi máa rẹ́rìn-ín tán, píọ̀wọ́tà méjì ti kọjá.

Ìmọ̀lára wo ló bá iṣẹ́ wo mu? Ibí ni ọ̀pọ̀ ìkéde ti ń bàjẹ́, ìbẹ̀rù ló sì ń bà á jẹ́ jù. Ìbẹ̀rù máa ń ṣiṣẹ́ bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ nítòsí. Bí kò bá sí ilẹ̀kùn, ọkàn ènìyàn á kọ ọ̀rọ̀ náà, á ní kò lè dé ọ̀dọ̀ òun. Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, omi ya wọlé gidigidi lọ́dún 2012, ó tún ya wọlé lọ́dún 2022. Bí a bá wá ń kéde pé “ẹ kúrò létí odò kí ẹ má bàa kú”, àwọn tó ń gbé etí odò mọ̀ pé omi ń pani. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ibi tí wọ́n máa kó ẹrù lọ, ẹni tó máa ṣọ́ ọ, bí ewúrẹ́ ṣe máa dé ibẹ̀, àti ibi tí ọmọ máa sùn. Ìtàn tó lè gbé wọn dìde ni ti bàbá tó kọ́kọ́ gbé àpò gáàrì àti ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àna rẹ̀ lórí òkè nígbà tí odò ṣì wà láàárín bèbè rẹ̀, tí kò wá ní ohun tó ń dá a dúró nígbà tí omi dé. Ẹ sọ orúkọ iléèwé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún wọn. Bí ẹ kò bá tíì mọ orúkọ iléèwé náà, ìkéde yín kò tíì tó gbé jáde.

Ìtìjú burú ju ìbẹ̀rù lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá fi ìtìjú kéde ikọ́ ife tàbí HIV, ńṣe ló ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe fara pa mọ́. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú ikọ́ ife máa ń gbà jù lọ, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ nílé ìwòsàn ìjọba. Ní nǹkan bí oṣù kejì ni ikọ́ máa ń rọlẹ̀, tí ènìyàn á fi oògùn sílẹ̀. Ìgboyà àti iyì ló bá oṣù kejì mu: bàbá tó ń fi èédú fa ìlà kan sára ògiri fún oògùn òòjọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ ń bá a kà á. Ìbínú ńkọ́? Ìbínú máa ń jẹ́ kí wọ́n pín ọ̀rọ̀ kiri, kì í sábà jẹ́ kí wọ́n ṣe nǹkan kan nílé ara wọn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ iná igbó, torí pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í yẹ̀. Ìkéde tí à ń gbọ́ lọ́dọọdún ni pé ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ pé ó dáná sun igbó yóò fojú winá òfin. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ ló gbà pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí: ọdẹ ní àgbẹ̀ ni, àgbẹ̀ ní àwọn tó ń lé òkété ni. Kò sí ẹni tó gbèrò láti jó oko kajú ẹnìkejì rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kàn fẹ́ sun pàǹtí tó ro nínú oko ara rẹ̀, ó ṣáná lọ́sàn-án gangan, ọyẹ́ ń fẹ́, iná fò kọjá. Ẹ jẹ́ kí ìtàn dúró ti ẹni yẹn, pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀, kó wo òdìkejì àlà: igi kajú tí aládùúgbò rẹ̀ gbìn lọ́dún tí ọmọ rẹ̀ wọ kíláàsì kìíní, tó ń so kí ọmọ náà tó kúrò ní kíláàsì kẹrin, tó ti tanná báyìí, tí owó iléèwé ọdún yìí wà lórí ẹ̀ka rẹ̀. Kí ó dá ìṣáná padà sápò. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sọ ohun tí yóò ṣe: kí ó ro àyíká pàǹtí náà kan ilẹ̀ pípọ́n, ìṣísẹ̀ ńlá mẹ́rin ní fífẹ̀, kí ó dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kí ó pe ènìyàn méjì pẹ̀lú omi àti ewé tútù, kí ó má kúrò níbẹ̀ títí èéfín á fi tán. Ẹ má fi òfin halẹ̀ mọ́ ọn nínú ìtàn yẹn. Ojú aládùúgbò wúwo lọ́rùn rẹ̀ ju ojú ọlọ́pàá lọ.

A gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn òpùrọ́ mọ gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri lóru pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn kan kú nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn di èrò ilé ìwòsàn. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tó fẹ́ràn rẹ ló pè ọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ní kí o ṣe, iyọ̀ sì wà ní ilé ìdáná, wákàtí sì wà tí kò gbọdọ̀ kọjá. Kò sí ohun tó kù ju òótọ́ lọ. Bí òótọ́ bá jáde láìní ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ò gbọdọ̀ yanu pé irọ́ sáré jù ú lọ. Nítorí èyí náà ni a fi ń sọ fún àwọn tí à ń kọ́ pé bí ìtàn bá jẹ́ àpẹẹrẹ, kí wọ́n sọ pé àpẹẹrẹ ni. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má fi iyọ̀ sí i. Ìlú wa kéré. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé òkú inú ìkéde yín kò kú, ti ọdún tó ń bọ̀ kò ní rí etí.

Kíkéré ìlú tún ní ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Ẹ lè yọ orúkọ aláìsàn kúrò, kí ẹ sì kọ “ìyá ìbejì kan tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà”, gbogbo ìlú ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ẹ pa iṣẹ́ rẹ̀ dà, ẹ pa àdúgbò rẹ̀ dà, ẹ pa iye ọmọ rẹ̀ dà. Ẹ ka ìtàn náà fún un kí ó tó jáde, kí ẹ sì gbà tó bá ní òun kò fẹ́ mọ́, kódà lẹ́yìn tí ó ti gbà tẹ́lẹ̀. Àwòrán ọmọ tó ń ṣàìsàn, ìhòòhò rẹ̀ tàbí ẹkún rẹ̀, a kò fara mọ́ ọn rárá, ó sì ń dùn wá tí a bá rí i nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ náà á dàgbà, á lọ sí iléèwé, àwòrán náà á wà lórí fóònù àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìkéde dára kí owó rédíò tó jáde? Ẹ kà á fún ènìyàn márùn-ún tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ tó kọ ọ́, ó kéré tán kí méjì má mọ ìwé kà. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn. Wọ́n á ní ó dùn, ọmọlúàbí ni wọ́n. Ẹ padà lọ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ fún yín. Ohun tí wọ́n bá sọ lọ́jọ́ kejì ni ìkéde yín gan-an, kì í ṣe ohun tó wà lórí ìwé. Bí wọ́n bá rántí ẹ̀rín Ìyá Ìkókó, tí wọn kò rántí píọ̀wọ́tà méjì, ìtàn ti gbé ọ̀rọ̀ mì. Ẹ gbé ìṣirò lọ sí ibi tí ọkàn wọn ti ń dúró. Bí wọ́n bá rántí méjì, tí wọ́n ní “ORS méjì”, ewu ńlá nìyẹn, ẹ má jẹ́ kó jáde rárá títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta la sábà máa ń tún un kọ.

Olóòtú, ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ìkéde ìlera tàbí ti ìlú bá dé ọ́fíìsì yín, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wá ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta nínú rẹ̀: ta ni, aago mélòó ni, kí ni ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe? Bí ẹ kò bá rí ìkankan, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti sanwó. A ti fi ìkéde iná igbó pa pọ̀ mọ́ lẹ́tà yìí, ní ìtàn, kò kún ojú ìwé kan. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kí àwọn tó ń ro oko tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìṣáná, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde.

Tiyín ní tòótọ́,

Àwa akọ̀wé ìkéde ìlera àti ti ìlú,
Kábbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.